Ilé Oníbodè Èkó àti Owó Tí Àwa Ará Òkè San

Ní Erékùṣù Èkó, lẹ́bàá Marina, òpópónà kan wà tó ń jẹ́ Customs Street. Ibẹ̀ ni ilé ńlá tí wọ́n ti ń ra ìpín ilé-iṣẹ́, tí wọ́n sì ti ń tà á, wà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti ra ìpín lórí fóònù rí, tàbí kí ẹ mọ ẹni tó rà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mélòó ló ti bèèrè pé kí ló gbé orúkọ kọ́sítọ́ọ̀mù dé ibẹ̀?

Ẹrù ló gbé e dé ibẹ̀. Kí ọjà ìpín tó dé sí àdúgbò yẹn rárá, etí omi Marina ni wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀: àgbá epo pupa, ekùrọ́, aṣọ, iyọ̀, tábà, ọtí líle. Ilé oníbodè ìjọba jókòó sí etí omi yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹrù rẹ̀ kọjá, yóò kọ́kọ́ yà síbẹ̀ sanwó.

Àwa tí à ń kọ èyí, ọmọ Èkìtì ni wá, láti ìhà Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rún àti Èmùré. Kò sí òkun lọ́dọ̀ wa. Òkè Olósùnta ni ará Ìkẹ́rẹ́ ń jí rí láàárọ̀, kì í ṣe ọ̀sà. Ẹnì kan lè wá bi wá pé, kí ló kan ará òkè nínú ilé oníbodè Èkó? Ó kàn wá gan-an ni. Ó ti lé ní 150 ọdún tí ọwọ́ ilé yẹn ti wà nínú àpò wa, bóyá a mọ̀ tàbí a kò mọ̀. Ìtàn ilé náà ni ìtàn bí ẹnu bodè ṣe kúrò níwájú ilé wa, tó lọ jókòó sí etí òkun, níbi tí ohùn wa kò ti lè dé etí oníbodè mọ́.

Bodè kí Òyìnbó tó dé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Òyìnbó ló kọ́ wa ní owó bodè. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, ọ̀rọ̀ tiwa ni. Títí di òní, aṣọ́bodè ni ìwé ìròyìn Yorùbá ń pe àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìlú tó bá ní odi àti yàrà ló ní ẹnu bodè, ẹnu bodè kọ̀ọ̀kan ló sì ní oníbodè tirẹ̀. Alájàpá tó bá gbé ẹrù dé yóò sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gba owó ẹyọ lọ́wọ́ rẹ̀. Apá kan ń lọ sí ààfin, apá kan jẹ́ ti ìjòyè tó ni ẹnu bodè yẹn, oníbodè náà kì í sì í fi ọwọ́ òfìfo relé. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbà pé oníbodè wà lọ́run pàápàá: ẹni tó bá ń bọ̀ wáyé gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀, kó sọ ohun tó ń lọ ṣe.

Ohun méjì ló wà nínú bodè àtijọ́ yìí tí a fẹ́ kí ẹ mú dání. Èkíní ni pé ojú kojú ni. Ìwọ alájàpá mọ oníbodè, òun náà mọ̀ ọ́. O lè bẹ̀ ẹ́, o lè bá a nájà, o lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sun ọba. Èkejì ni pé ọ̀nà kan ò wọjà. Bí ìlú kan bá ń gba owó àgbàjù, àwọn alájàpá á yà síbòmíràn, ọjà ìlú yẹn á tú, ọba fúnra rẹ̀ á sì bèèrè ohun tó fà á.

A kò sọ pé ó dáa tán o. Bodè máa ń pọ̀ lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti Èkìtì lọ sí etí òkun á san níhìn-ín, á san lọ́hùn-ún, títí èrè rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà ogun ẹ̀wẹ̀, ẹni tó lọ san owó bodè lè di ẹni tí wọ́n mú tà.

Ẹnu bodè Èkó

Èkó náà ní bodè tirẹ̀, ojú omi ni tirẹ̀ wà. Ọkọ̀ Òyìnbó tó bá fẹ́ ṣòwò gbọ́dọ̀ fún ọba ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà òwò ẹrú, ènìyàn ni ọjà tó pọ̀ jù níbẹ̀. Lára àwọn tí ogun kó, tí wọ́n kó gba Èkó àti Àgbádárìgì kọjá lọ sí òkèèrè, ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: àwọn kan nínú ẹbí wa gba ẹnu bodè yẹn kọjá gẹ́gẹ́ bí ẹrù, ọba sì rí ìpín tirẹ̀ gbà lórí wọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó. Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Wọ́n ní torí òwò ẹrú ni, òótọ́ sì wà níbẹ̀; àmọ́ òwò epo pupa náà wà níbẹ̀. Akítóyè wàjà ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú fi àmì ọwọ́ rẹ̀ sí ìwé tó gbé Èkó fún ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà nítòsí kó tó fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ẹ wá wo ohun tí ìwé náà sọ nípa owó. Ó ní ọba yóò máa gba owó ọdọọdún tó bá iye tó ń wọlé fún un tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Nígbà tó yá, wọ́n fi àdéhùn sí 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ lọ́dún. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, nítorí náà ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ó: mílíọ̀nù 24 ẹyọ ni. Owó ńlá ni lójú ẹni tó bá ń kà á. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi rà? Ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ lẹ́nu, bodè ni wọ́n gbà. Ọba ń gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Gbogbo èyí tí òwò bá fi gbèrú lẹ́yìn ọjọ́ náà, ti ìjọba tuntun ni.

Òwò sì gbèrú lóòótọ́. Iyanrìn dí ẹnu omi Èkó nígbà yẹn, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé, ọkọ̀ kékeré ló ń lọ já ẹrù ní ìta. Bí ẹrù bá ti gúnlẹ̀, àwọn akọ̀wé á gba ìwé ẹrù lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀, wọ́n á ka àpótí, wọ́n á fi gálọ́ọ̀nù wọn ọtí, wọ́n á gbé tábà sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á ṣírò owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba l'Ékòó nígbà yẹn jẹ́ Sàró, ọmọ Yorùbá tó kàwé ní Sàró kó tó padà wálé. Ọtí líle, tábà, ìbọn àti ẹ̀tù wà lára ohun tí wọ́n ń gbowó lé lórí, ọtí ló sì mú owó wọlé jù. Láti inú owó kọ́sítọ́ọ̀mù yìí ni ìjọba Èkó ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń ná, títí kan owó oṣù ọlọ́pàá àti ti ṣọ́jà.

Kò sẹ́ni tó wá sọ fún ará Èmùré tàbí ará Ìsẹ̀ pé bodè tuntun ti dé. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó san owó náà l'Ékòó kì í jẹ gbèsè rẹ̀; orí ọjà ló ń gbé e lé. Bí ọjà bá ti ń gun òkè, owó náà ń tẹ̀lé e. Ẹni tó ra tábà tàbí ẹ̀tù l'Ékìtì ti bá wọn san owó ilé oníbodè Èkó láìfi ojú rí òkun.

Ọ̀nà kan ò wọjà

Wàhálà kan wà fún ìjọba Èkó: ilé oníbodè tí ẹrù kò dé, ilé òfìfo ni. Ẹrù tó ń wá láti òkè gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, àwọn yẹn náà sì mọ iyì ẹnu bodè. Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àlejò kàn gba ìlú wọn kọjá lọ bá Òyìnbó. Ọjà ààlà ni kí ó ti tà. Ní Abẹ́òkúta, àwọn Sàró dá ìjọba kan sílẹ̀ ní 1865, èyí tí Ẹ̀gbá fi ń bójú tó owó bodè ọjà tó ń jáde lọ́nà ìwé bí ti Òyìnbó. Àríyànjiyàn lórí ààlà àti owó bodè yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti Èkó, títí ó fi di ìfọ́lé ọdún 1867, tí wọ́n lé àwọn Òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta.

Àwa ará Èkìtì ló wà lẹ́yìn gbogbo bodè wọ̀nyí. Ìbàdàn ló tún wà lórí wa, ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ jókòó sí ìlú wa, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ó sì ń gbẹ́sẹ̀ lé ohun tó bá wù ú. Ẹ fọkàn yàwòrán ẹni tí wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nílé, tó tún wá ń lọ bá oníbodè méjì mẹ́ta lójú ọ̀nà.

Gómìnà Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gòlóbà, ló wá ọ̀nà mìíràn. Ní 1872, ìjọba rẹ̀ ṣí ọ̀nà Oǹdó. Láti Èkó, wọ́n á wa ọkọ̀ gba ọ̀sà lọ sí apá ìlà-oòrùn, wọ́n á gúnlẹ̀ ní ìhà Ìkálẹ̀, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ rìn gba Òde-Oǹdó gòkè wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ọ̀nà náà jìn, igbó rẹ̀ sì dí, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀dọ̀ Ìjẹ̀bú, kò gba ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbá, kò gba ọ̀dọ̀ Ìbàdàn. Fún àwa tí a wà ní gúúsù Èkìtì, tí Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò jìnnà sí, bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fún wa ni.

Torí kí ẹrù lè dé Marina ni Glover ṣe ṣí i. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀ ju epo àti aṣọ lọ.

Àwọn tòkunbọ̀ àkọ́kọ́

Ní 1878, Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ogun sì bẹ́. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ìlú mìíràn para pọ̀, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé láti Iléṣà di olórí ogun wọn. Ogun Kírìjí nìyẹn, tí wọ́n sọ lórúkọ ìró àgbá tó ń dún láàárín òkè.

Nígbà yẹn, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kan ti wà l'Ékòó. Àwọn kan ti Sàró dé, àwọn kan sì ti Brazil dé. Àwọn tí ogun kó, tí wọ́n tà, àti àwọn ọmọ wọn ni. Lónìí tí a bá pe nǹkan ní tòkunbọ̀, mọ́tò àti fóònù àlòkù ló ń wá sí wa lọ́kàn. Àwọn ènìyàn yìí ni tòkunbọ̀ gidi. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ l'Ékòó, wọ́n ń dáwó jọ, wọ́n ń kọ̀wé sí ìjọba. Philip Jose Meffre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti Brazil dé, wà lára àwọn aṣojú wọn. Wọ́n ra ìbọn Snider, èyí tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn, tó sì yá ju ṣakabùlà lọ fíìfíì. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n gbé e gbà dé ojú ogun. Ìbàdàn tó ti ń borí tẹ́lẹ̀ wá bá nǹkan tí kò bá pàdé rí.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tí wọ́n gbà bodè kọjá bí ẹrù ló padà gba ẹnu omi kan náà wọlé, tó ń tẹ́ ọjà sílẹ̀ l'Ékòó, tó ń san owó kọ́sítọ́ọ̀mù bí oníṣòwò, tó sì ń fi èrè rẹ̀ gba ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lóko ìsìn. Bí a bá ń sọ ìtàn ilé oníbodè Èkó, tí a kò ka àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn, a kò tíì sọ ìtàn náà.

Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, àmọ́ ó di 1893 kí ibùdó ogun tó tú pátápátá, nígbà tí Gómìnà Carter gòkè wá. Láàárín ìgbà náà, ọ̀rọ̀ bodè Ìjẹ̀bú parí síbi tí kò dára. Ní oṣù Kìíní 1892, wọ́n ṣàdéhùn pé Ìjẹ̀bú yóò ṣí ọ̀nà, Èkó yóò sì máa san £500 lọ́dún fún wọn dípò owó bodè. Àdéhùn náà kò tọ́jọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Gẹ̀ẹ́sì gbé ogun lọ, wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n.

Bodè kan ṣoṣo

Díẹ̀díẹ̀ ni bodè ìlú kọ̀ọ̀kan di ìtàn. Ọ̀pọ̀ alájàpá ló yọ̀, kò sì burú kí wọ́n yọ̀. Ẹni tó ń san lẹ́ẹ̀marùn-ún kì í sunkún pé wọ́n dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí wọn kò rí nígbà yẹn. Gbogbo bodè tó kù di ọ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan náà sì wà l'Ékòó. Ọ̀nà kan ò wọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo lo fẹ́ yà sí nígbà tó jẹ́ pé ìjọba kan ló ni gbogbo ẹnu òkun?

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, kò sì dé Èkìtì. Wọ́n kó òkúta dí ìgbì, wọ́n ń wa iyanrìn ẹnu omi Èkó, títí ọkọ̀ òkun ńlá fi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé ní 1914. Ní 1926, èbúté tuntun ṣí ní Apápá, lódìkejì ọ̀sà. Ibẹ̀ ni ẹrù ńlá ń lọ láti ìgbà náà, tí àdúgbò Customs Street fi wá ku orúkọ.

Kòkó ló wá so wá mọ́ èbúté náà jù lọ. Àgbẹ̀ ní Èmùré tàbí Ìsẹ̀ á ká kòkó, á sá a, á gbé e fún alágbàtà, ọkọ̀ akẹ́rù á gbé e lọ. Láti 1947, ìgbìmọ̀ ìjọba kan ló ń dá iye tí wọ́n máa ra kòkó lé. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun ju iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ lọ dáadáa. Ìgbìmọ̀ náà ń tọ́jú ìyókù, ìjọba sì tún ń gba owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí kòkó tó ń jáde. Àgbẹ̀ kò rí oníbodè kankan. Òṣùwọ̀n alágbàtà nìkan ló rí. Bí owó bá kéré, alágbàtà ló ń bú.

Ká má ṣe puró, owó náà kò ṣòfò tán. Ní oṣù Kìíní 1955, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, owó kòkó sì wà lára ohun tó gbé e ró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa tó mọ̀wé kà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilé Kòkó tó ga lálá ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965, kòkó ló kọ́ ọ. Ìyẹn ni pé àgbẹ̀ sanwó bodè, ọmọ rẹ̀ sì rí ohun tí wọ́n fi ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ bodè ti ń dùn nìyẹn. Ibi tó ti ń korò ni ìgbà tí a kò bá rí i.

Ilẹ̀kùn Ògògà

Ohun kan wà tí gúúsù Èkìtì fi sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, igi ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbé ní Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ní apá kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú àwọn ayaba. Ní apá kejì, Kápítéènì Ambrose, Òyìnbó ìjọba, ń bọ̀ lórí ibùsùn tí wọ́n gbé lérí, àwọn alárù sì ń bẹ pẹ̀lú ẹrù lórí wọn. Òyìnbó kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kò sì ru nǹkan kan. Ọlọ́wẹ̀ rí i, ó sì gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà la òkun kọjá lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ ẹ. Wọ́n ṣe ìtẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà, ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ sì dúró lọ́hùn-ún di òní. Ó kéré tán, Ògògà mọ ẹni tó ń bá a dúnàádúrà, ó sì rí ohun tó gbà ní ìpààrọ̀.

Àwa ńkọ́? Fóònù tí ẹ fi ń ka èyí gba bodè kan kọjá. Mọ́tò tó gbé yín lọ sí Adó lánàá gba bodè kan kọjá. Owó rẹ̀ wà nínú iye tí ẹ san, bí kò tilẹ̀ sí nínú rìsíìtì. Àwọn baba wa tó ń gba ẹnu odi kọjá mọ iye tí wọ́n san, wọ́n mọ ẹni tó gbà á, wọ́n sì mọ ààfin tó lọ. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa bèèrè. Kí ẹ sì tó bèèrè lọ́wọ́ ìjọba, ẹ kọ́kọ́ bi àgbàlagbà kan nílé pé: níbo ni ẹnu bodè ìlú wa wà tẹ́lẹ̀, ta ni oníbodè rẹ̀? Ẹ tètè bi wọ́n, nígbà tí wọ́n ṣì wà tí wọ́n lè na ọwọ́ sí ibẹ̀ fún yín.